Ìgbà Mudra ní Dakar

Ilé kan wà létí òkun ní Dakar tí wọ́n kọ́ bí tẹ́ńpìlì àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, òpó gbọọrọ gbọọrọ yí i ká, atẹ́gùn oníyọ̀ sì ń fẹ́ sí i láti òwúrọ̀ di alẹ́. Musée Dynamique ni orúkọ rẹ̀. Ààrẹ Léopold Sédar Senghor ló ní kí wọ́n kọ́ ọ nítorí àjọ̀dún ńlá iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní Dakar lọ́dún 1966. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàtẹ àwòrán Chagall, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pàtẹ ti Picasso. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980, ìjọba gbé e fún àwọn adájọ́. Kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn adájọ́, àwọn oníjó ló ni ín. Láti ọdún 1977 títí di 1982, ibẹ̀ ni Mudra Afrique fìdí sí, ilé-ẹ̀kọ́ ijó tí Germaine Acogny, ọmọ tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ń darí. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò sì sí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lára wọn ni mo fi ń jẹun títí dòní.

Bí a ṣe dé Dakar kò ṣàjèjì. Láyé ìjọba Faransé, Dakar ni olú-ìlú gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn, àwọn ọmọ Dàhòmì, ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin báyìí, tí wọ́n mọ̀wé sì ni wọ́n máa ń kó lọ ṣe akọ̀wé káàkiri. Bàbá mi wà lára wọn. Nígbà tí òmìnira dé lọ́dún 1960, tí kálukú ń padà sílé, ìsọ̀ aṣọ Màmá mi ní ọjà Sandaga ti gbilẹ̀, Bàbá sì gbà pé kí a dúró. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Bàbá, Gùn ló ń sọ. Kétu ni Màmá ti wá, Yorùbá ni tirẹ̀. Tí a bá jáde síta, Wolof ni. Tí a bá dé ilé-ìwé, Faransé. Gbogbo ilé wa ló mọ orúkọ Acogny, torí ọmọ ìlú Bàbá ni, bàbá tirẹ̀ náà sì ti ṣiṣẹ́ ìjọba bíi ti Bàbá. Bàbá a máa fi í yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Màmá kì í bá wọn dá sí i.

Ó máa ń sọ pé, "Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Ta ni kò mọ ijó jó? Ṣé ẹnì kan jókòó kọ́ mi ni?"

Ìbéèrè gidi ni, kì í sì í ṣe Màmá nìkan ló ń bi í. Ní Dakar ìgbà náà, ijó kò wọ́n ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá pe sabar ládùúgbò wa, àwọn onílù á tò, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú lọ́wọ́ kan, wọ́n á fi ọwọ́ lásán lù ú lọ́wọ́ kejì, àwọn obìnrin á sì pagbo. Ọ̀kan á fò bọ́ sí àárín, á jó fún ìgbà díẹ̀ péré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tọ́jú ohun tí ọ̀gá onílù ń wí, á tún sá padà síbi tó jókòó sí, ẹ̀rín á gba ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì pé ọdún márùn-ún ń bẹ nínú agbo yẹn. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni?

Germaine Acogny fúnra rẹ̀ ti bá ìbéèrè yìí wọ̀jà kí ó tó di olùdarí ohunkóhun. Wọ́n bí i lọ́dún 1944, kékeré ló sì wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Sẹ̀nẹ̀gàl. Ìyá bàbá rẹ̀, tó ń jẹ́ Aloopho, abọrẹ̀ ọmọ Yorùbá ni. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ gba ẹ̀sìn Kátólíìkì, ó kàwé, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọmọbìnrin náà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìdárayá ní Paris, ní ilé-ẹ̀kọ́ Simon Siégel. Ó pàdé ballet ní Faransé, ó sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ara òun kò bá ohun tí wọ́n ń retí lára oníjó ballet mu. Ẹlòmíràn ìbá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà, kó fi gbogbo ayé rẹ̀ máa tọrọ àforíjì nítorí ìdí àti àtẹ́lẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún un. Òun padà sí Dakar, ó di olùkọ́ eré ìdárayá, nígbà tó sì di ọdún 1968, ó ti ń kọ́ àwọn èèyàn níjó nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Lọ́dún 1972, ó sọ ewì Senghor tó ń jẹ́ "Femme noire" di ijó. Ààrẹ tó kọ ewì náà wà láàyè, ó wà lórí àga, ó sì fẹ́ràn ijó ju ọ̀pọ̀ ààrẹ lọ.

Ẹni kẹta nínú ọ̀rọ̀ náà ni Maurice Béjart, ará Faransé tó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ijó kan tó ń jẹ́ Mudra sílẹ̀ ní Brussels lọ́dún 1970. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àjèjì lásán ló wá sí Dakar. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Gaston Berger, onímọ̀ ìjìnlẹ̀, Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl ni wọ́n ti bí i, orúkọ rẹ̀ sì ni yunifásítì ìlú náà ń jẹ́ lónìí. Senghor fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ àwọn oníjó káàkiri Áfíríkà. Béjart ní orúkọ ní gbogbo ayé. UNESCO àti àjọ Gulbenkian ti ilẹ̀ Pọtogí fi owó sí i. Lọ́dún 1977, ọdún kan náà tí Èkó gba àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní FESTAC, ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Acogny ni wọ́n fi ṣe olùdarí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, wọ́n sì ń kọ́ ballet, ijó òde òní, ijó Áfíríkà, orin àti eré orí ìtàgé. Doudou N'Diaye Rose, ọ̀gá àwọn onílù Sẹ̀nẹ̀gàl, ló ń kọ́ wọn ní ìlù. Julien Jouga, tí gbogbo Dakar mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin, ló ń kọ́ wọn lórin.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gba yàrá nínú agbolé tí à ń gbé. Orílẹ̀-èdè mìíràn ló ti wá, kò ní ẹbí kankan ní Dakar, àwa ọmọdé sì ń pè é ní Àǹtí. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á ki ẹsẹ̀ bọ bàsíà omi gbígbóná, á jẹun, lẹ́yìn náà á bọ́ sí àárín agbolé láti tún gbogbo ohun tó kọ́ lọ́jọ́ náà ṣe. A kọ́kọ́ ń wò ó, a sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ní kí a wá tò sẹ́yìn òun.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ wa kì í ṣe ijó. Ìdúró ni. Ó ní kí a dúró, kí a tẹ orúnkún díẹ̀, kí a jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí a sì máa wá ọ̀pá ẹ̀yìn wa. Ó ń fi ìka kan eegun ẹ̀yìn wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìbàdí títí dé ọrùn, ó ní kí a mi eléyìí, kí a má mi tòkè rẹ̀. Èmi tí mo ti ń jó kí n tó mọ̀rọ̀ sọ, mi ò mọ̀ pé mo ní tó bẹ́ẹ̀ nínú ara mi. Ó ní ejò ìyè ni Madame Acogny ń pe ọ̀pá ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìgbésẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá, ìsàlẹ̀ ikùn sì ni àwọn ìràwọ̀. Tí ó bá ní kí oòrùn là, àyà wa á là. Tí ó bá ní kí òṣùpá yọ, gbogbo agbolé á pariwo, torí àwọn àgbàlagbà ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà wọn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìgbésẹ̀ tó lórúkọ dé. Ọ̀kan ń jẹ́ àràbà: ẹsẹ̀ wọlẹ̀, ara á rọ̀ láti ìbàdí, á wá máa ga díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi là bí ẹ̀ka. Ọ̀kan ń jẹ́ òṣíbàtà. Lára igi, omi, ẹyẹ àti iṣẹ́ ojoojúmọ́ àwọn obìnrin ìlú ni Acogny ti mú wọn, kì í ṣe láti inú ìwé. Ó sì tò wọ́n: èyí ló ṣáájú, èyí ló tẹ̀ lé e, èyí kò ṣeé ṣe àfi tí o bá ti mọ èyí ṣe. Lọ́dún 1980, ó gbé ìwé jáde lórí rẹ̀, Danse africaine, pẹ̀lú àwòrán tó fi bí ara ṣe ń yí hàn.

Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lórí ohun tí orúkọ àti ètò yẹn ṣe. Ìgbésẹ̀ tó bá ní orúkọ ṣeé pè padà. O lè ní kí ọmọ tún un ṣe, kó ṣe é díẹ̀díẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ dípò ọ̀tún, kó so ó mọ́ òmíràn tí a mú láti ìlú mìíràn. Ọmọ Zaire àti ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n gbọ́ orúkọ kan, kí ara wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ballet ti ní irú àǹfààní yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Acogny rí i ní Paris, ó sì mọ̀ pé ohun tó yẹ kí òun gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn: ọ̀nà ìkọ́ni. Ara tí wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n máa mú un lọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ó kàn da ijó òyìnbó mọ́ ijó Áfíríkà. Àǹtí fi ìyàtọ̀ náà hàn wá nínú agbolé. Ó ṣe ballet fún wa: gbogbo ara rẹ̀ ń wá òkè, bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. Ó tún ṣe ti Madame Acogny: ó tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ tì í padà, ìgbà yẹn ló wá ga, ó sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú mi. Òkè wà nínú méjèèjì. Ibi tí ó ti ń wá ló yàtọ̀, ibẹ̀ ni Acogny kò sì gbà kí wọ́n bá òun dúnàádúrà.

Àǹtí mú mi dé ilé olópòó náà lọ́jọ́ kan láti wo ìdánrawò wọn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹnikẹ́ni kò lé mi. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni bí àwọn oníjó ṣe ń wo àwọn onílù. Ní àwọn ayẹyẹ ìjọba tí wọ́n ń kó àwa ọmọ ilé-ìwé lọ, àwọn oníjó máa ń kọjú sí àwọn ọlọ́lá tó jókòó, ìlù á wà lẹ́yìn bí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Níbí, ìlù ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ẹni tó bá pẹ́ kó tó dáhùn yóò mọ̀ lára rẹ̀ pé òun ti pẹ́. Òógùn bò wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, inú wọn sì dùn.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Màmá pé mo fẹ́ di oníjó. Ó ń ka owó ọjà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Tí o bá parí ìwé rẹ, o lè di ohun tó wù ọ́." Bàbá, tó ń fi Acogny yangàn, ni kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ìlú ẹni lè jó, ọmọ ẹni ni kò gbọdọ̀ jó. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ìgbà náà ló mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn nílé wọn.

Ìsinmi ilé-ìwé ló yí ọ̀rọ̀ padà. Màmá kó wa lọ sí Kétu, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ayé Ààrẹ Kérékou ni ní Benin, ìjọba kò sì fojú rere wo ọ̀pọ̀ nǹkan ìbọ, ṣùgbọ́n gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde. Mo ti rí gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí nígbà tí mo kéré sí i, mo sì ti gbádùn ère orí wọn, ejò tó ń jẹ ẹyẹ, obìnrin tó ń ta ọjà, gbogbo ohun tí ọmọdé ń wò. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo ẹsẹ̀. Irin tí wọ́n so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ń dún, kò sì sí ìgbà tó dún tí ìlù kò bá a dún. Oníjó náà tẹ orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gba ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣinṣin lábẹ́ ère tó wúwo, ìbàdí nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ìlù ń pe gbólóhùn kan, ẹsẹ̀ sì ń sọ gbólóhùn náà gan-an, wọ́n á sì parí rẹ̀ pa pọ̀, lójú kan náà, láìṣẹ́ku ọ̀kan. Tí ẹsẹ̀ bá kọjá ibi tí ìlù dúró sí, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń ṣe ijó náà fún yóò yọ ṣùtì.

Mo tún rí i pé àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ jáde. Àwọn kéékèèké wá, wọ́n jó èyí tí agbára wọn ká. Àwọn tó jù wọ́n lọ tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọ̀gá ló kẹ́yìn. Mo sọ fún Màmá pé, "Màmá, ẹ wò ó, wọ́n tò ó. Wọ́n ń kọ́ wọn."

Ó wo agbo náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Àbúrò mi ọkùnrin, nígbà tó wà ní kékeré, bàbá wa máa ń nà án tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pẹ́ lẹ́yìn ìlù. Àárín oko ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, kí obìnrin má baà rí wọn." Ó tún dákẹ́ díẹ̀. "Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́."

Láti ọjọ́ yẹn kò bi mí mọ́ pé kí ni wọ́n ń kọ́ ní Mudra. Ó ti rí i pé wọ́n ń kọ́ ijó nílé bàbá òun pẹ̀lú, kìkì pé àárín oko ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà. Àwọn àgbà Kétu ti mọ̀ pé ijó tó lè bá ìlù parí lójú kan náà gbọ́dọ̀ ní ìpele, ìbáwí àti olùkọ́. Ohun tí Acogny dá lé ni pé kí ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rìn kúrò ní ìlú kan dé òmíràn láìjẹ́ pé ó kú lọ́nà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìgbà náà, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, ọmọ tí kò bá gbọ́ Faransé kò rí ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn obìnrin tó ń jó sabar ládùúgbò wa, tí àràbà àti òṣíbàtà wà lára wọn láìlórúkọ, kì í dé Musée Dynamique. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bínú sí Senghor sì ń sọ pé ohun ọ̀ṣọ́ ni, pé ọ̀gbẹlẹ̀ ń pa màlúù ní Sahel, ààrẹ ń kọ́ èèyàn ní ballet. Wọn ò purọ́ nípa ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n gba owó náà lọ́wọ́ àwọn oníjó, kò sí màlúù tó torí rẹ̀ mu omi.

Òpin rẹ̀ kò pẹ́. Senghor kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1980, Abdou Diouf sì gorí àga. Ẹ̀pà kò mú owó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, gbèsè ń pọ̀, àwọn olówó àgbáyé sì ń sọ ibi tí ìjọba gbọ́dọ̀ dín ìnáwó kù. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́kọ́ ń kan. Lọ́dún 1982, Mudra Afrique ti ilẹ̀kùn. Àǹtí kó ẹrù rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ kan. Màmá mi, tí kì í ta àwìn fún ẹnikẹ́ni, gé aṣọ tó tó ìró àti bùbá fún un, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó ní kó fi jó níbikíbi tó bá dé.

Wọ́n fọ́n káàkiri. Irène Tassembédo, ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso báyìí, wà lára wọn. Ó dé Paris, ó dá ẹgbẹ́ ijó tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó yá ó padà sí Ouagadougou, ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ijó síbẹ̀. Acogny fúnra rẹ̀ lọ sí Brussels, ọ̀dọ̀ Béjart, lẹ́yìn náà òun àti ọkọ rẹ̀ Helmut Vogt, ará Jámánì, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ sí Toulouse lọ́dún 1985. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jó lórí ìtàgé. Mo ka nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní Cotonou, níbi tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́, mo sì ń gé àwọn ojú ewé náà pamọ́.

Lọ́dún 1998, òun àti Vogt bẹ̀rẹ̀ École des Sables ní Toubab Dialaw, abúlé apẹja kan ní gúúsù Dakar. Mo dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ti kọ́ ilé parí, mo ti ń ní ewú lórí, àwọn tó yí mi ká sì lè jẹ́ ọmọ mi. Yanrìn ni ilẹ̀ gbọ̀ngàn ńlá tó ṣí sílẹ̀ síta. Ẹni tí kò jó lórí yanrìn rí kò mọ ohun tó ń ṣe sí ara. Kò sí yíyọ̀, kò sí fífò lásán. Ẹsẹ̀ á rì, o gbọ́dọ̀ fa á yọ, itan á máa jó bí iná, nígbà tó bá sì di ọjọ́ mélòó kan, wàá rí i pé ìbàdí rẹ ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ pe àràbà, ara mi dáhùn kí etí mi tó gbọ́ ọ tán. Ọmọbìnrin kan bi mí níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní inú agbolé ni.

Àwọn iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde pọ̀, mi ò ní ka gbogbo wọn. Èyí tí mo kà sí ńlá jù ni Fagaala, ọdún 2004, tí Acogny àti Kota Yamazaki, ará Japan, jọ ṣe lórí ìpakúpa Rùwáńdà, fún Jant-Bi, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin oníjó. Ìwé Murambi ti Boubacar Boris Diop ló ṣí ọ̀nà rẹ̀. Nǹkan tí ojú rí ní Rùwáńdà lọ́dún 1994, ijó ayẹyẹ kò lè gbé e, ijó òyìnbó nìkan kò sì mọ ibi tí yóò ti dì í mú. Ara tó ti mọ bí a ṣe ń tẹ ilẹ̀, tó sì ti kọ́ bí a ṣe ń mi eegun kan láìmi èkejì, ló lè dúró níwájú irú ikú bẹ́ẹ̀ láìparọ́. Nígbà tí wọ́n fún Acogny ní Kìnnìún Oníwúrà ní Venice lọ́dún 2021 fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀, àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa Pina Bausch, ará Jámánì tó ń ṣètò ijó, torí École des Sables wà lára àwọn tó kó àwọn oníjó láti orílẹ̀-èdè 14 ní Áfíríkà jọ láti jó The Rite of Spring rẹ̀, tí àrùn Kòrónà sì dí i lọ́wọ́ ní 2020, tí wọ́n fi jó o ní etí òkun Toubab Dialaw níwájú kámẹ́rà. Ó dára. Èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa 1977 pẹ̀lú.

Eré rẹ̀ tó kàn mí jù ni À un endroit du début, èyí tí òun àti Mikaël Serre gbé jáde lọ́dún 2015. Bàbá rẹ̀ ti kọ ìtàn ìyá tirẹ̀, Aloopho, sílẹ̀, ọmọbìnrin náà sì gbé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sórí ìtàgé: òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ ẹ̀yìn sí òrìṣà ìyá rẹ̀, tí ó tún jókòó nígbà ogbó láti kọ gbogbo ohun tí ìyá náà sọ. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó ń jó o. Bàbá mi ìbá wà láàyè, ǹ bá mú un lọ wò ó. Ó mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Màmá wà láàyè, ó ti padà sí Kétu lẹ́yìn ikú Bàbá. Nígbà tí mo lọ kí i, mo ròyìn eré náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ijó ìyá àgbà yẹn, ṣé bí wọ́n ṣe ń jó o ló jó o?"

Mo ní, "Rárá, Màmá. Ó jó o bó ṣe wà lára òun."

Ó ní kí n dìde, kí n jó ti tèmi kí òun rí i. Mo bọ́ bàtà. Mo jó ohun tí mo ti ń tò pọ̀ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Àjàṣẹ́: àràbà ló ṣí i, ẹsẹ̀ gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà láàárín, nǹkan díẹ̀ láti inú sabar ló parí rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní ìbàdí dára, ẹ̀yìn dára, ṣùgbọ́n pé láìsí ìlù, òun kò lè mọ̀ bóyá mo parí níbi tó yẹ kí n parí sí. Ó rán ọmọ àbúrò rẹ̀ kan jáde, ó ní kó lọ pe onílù wá.